Ta Ni Yóò Ru Àdánù Iṣẹ́ Tí Kò Dára?

Ní Treichville, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Àbíjàn tí àwọn ọmọ Èjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń gbé láti ìgbà pípẹ́, ẹjọ́ kan wà tí kì í tán bí ọdún Iléyá bá ti ń súnmọ́lé. Obìnrin kan gbé léèsì fún aránṣọ. Nígbà tí yóò fi lọ gbà á, wọ́n ti gé e kéré, apá kan sì gùn ju èkejì lọ. Aránṣọ ní òun kò mọ̀-ọ́n-mọ̀. Àwọn àgbà dá sí i, wọ́n ní kí ó fi ṣe sùúrù. Ó san owó ìránṣọ, ó sì gbé aṣọ tí kò ṣeé wọ̀ lọ sílé. Ǹjẹ́ òdodo wà nínú sùúrù yìí?

Ní ìpìlẹ̀, ọwọ́ oníṣẹ́-ọwọ́ jẹ́ ọwọ́ àmáànà, ẹni tí a sì fi nǹkan ṣọ́ kì í san án àyàfi bí ó bá ṣe àìbìkítà. Lórí èyí ni Abu Hanifa dúró nípa ohun tí ó ṣègbé láìjẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ ni ó fà á. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Aliyu ọmọ Abu Talib (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) pé ó máa ń mú àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ san án, nítorí pé láìṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn kò ní í gún. Ojú-ọ̀nà Màlíkì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tọ̀, di èyí mú ṣinṣin. Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, tí ó kú ní 386 Hijira (996), kọ ọ́ sínú Risala rẹ̀ pé oníṣẹ́-ọwọ́ ni yóò dáhùn fún ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, yálà ó gba owó tàbí kò gbà á. Al-Shatibi (ó kú ní 790 Hijira, 1388) ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú al-I'tisam: kò sí ẹni tí kò nílò oníṣẹ́-ọwọ́, oníbàárà kì í sì í sí níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, bí a bá ní kí ó wá ẹ̀rí, ẹrù àwọn ènìyàn yóò máa ṣòfò. Iye tí aṣọ náà jẹ́ ní ọjọ́ tí aránṣọ gbà á ni yóò san.

Khalil ọmọ Ishaq fi ààlà sí i nínú Mukhtasar. Iṣẹ́ tí ewu wà nínú rẹ̀, bíi lílu ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye, kò sí lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí olówó kò fi sílẹ̀ kúrò lójú ara rẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Oníná tí a pè wá sínú àgbàlá, ojú wa ni ó ti ṣiṣẹ́. Ṣé a óò ní olówó wà níbẹ̀? Lójú tèmi, ẹni tí ó dúró ti oníná tí kò sì mọ iṣẹ́ iná, kò rí nǹkan kan ju ẹni tí ó jókòó sílé lọ. Ìdí tí a fi mú aránṣọ wà lára oníná pẹ̀lú. Hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá sì ti sọ pé ẹni tí ó ń woni sàn láìjẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìwòsàn ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bàjẹ́.

(Abala 1789 nínú Code civil tí Côte d'Ivoire jogún lọ́wọ́ Faransé súnmọ́ Abu Hanifa ju Màlíkì lọ: bí ohun èlò bá jẹ́ ti oníbàárà tí ó sì ṣègbé, ẹ̀bi oníṣẹ́ nìkan ni ó lè mú un san án. Òfin 2016-412 fún àwọn oníbàárà tún wà láti Okúdù 2016, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọ̀ràn léèsì kan lọ sí kóòtù?)

Àwọn kan yóò ní tálákà ni aránṣọ náà. Òótọ́ ni. Suratul Baqarah, ẹsẹ 280, pàṣẹ kí a fún onígbèsè tí kò ní lọ́wọ́ ní àkókò, ó sì ní bí a bá fi tọrẹ, ó dára jù. Ṣùgbọ́n a kì í fún ẹni tí kò jẹ gbèsè ní àkókò. Ohun tí àwọn àgbà wa máa ń ṣe ni pé wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé gbèsè wà. Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) ti kọ́ wa pé ohun ìní Mùsùlùmí kò tọ́ sí ẹlòmíràn àfi pẹ̀lú ìdùnnú ọkàn rẹ̀, ìtìjú níwájú àgbà mẹ́fà kì í sì í ṣe ìdùnnú ọkàn. Kí aránṣọ kọ́kọ́ sọ iye tí ó jẹ níṣojú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni kí a lọ bá obìnrin náà nílé rẹ̀, lóun nìkan, láti béèrè bóyá yóò gbà á díẹ̀díẹ̀ tàbí yóò fi jì í.