Ìbẹ̀rù Ẹni tí Kò Tíì Ṣe Ìrìbọmi



Ní òru, kí ilẹ̀ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2025 tó mọ́, àwọn agbébọn wọ ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ti Maríà Mímọ́ ní Papiri, ní ìpínlẹ̀ Niger ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni ibẹ̀ ka akẹ́kọ̀ọ́ 303 àti olùkọ́ 12 tí wọ́n kó lọ. Ìpínlẹ̀ yẹn bá Borgou wa pààlà. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí ẹ̀yin tí ń lọ sí Yunifásítì Parakou, àti ẹ̀yin tí ọmọ yín ń sùn sí ilé ẹ̀kọ́, bá ń bẹ̀rù, tí ẹ sì ń bi ara yín bóyá ó yẹ kí orúkọ yín wà nínú ìwé Ìjọ ní irú àkókò yìí.

Èmi kò ní sọ fún yín pé ibi kò lè ṣẹlẹ̀. Olúwa wa kò sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àpóstélì rẹ̀. Ohun tí ó ṣèlérí ni pé òun kò ní fi wọ́n sílẹ̀.

Àádọ́ta nínú àwọn ọmọ Papiri sá mọ́ àwọn ajínigbé lọ́wọ́, wọ́n sì padà sọ́dọ̀ òbí wọn. Ǹjẹ́ àìnígbàgbọ́ ni sísá yẹn? Rárá o! Kristi pàápàá yẹra kúrò nínú tẹ́ḿpìlì nígbà tí wọ́n he òkúta láti sọ lù ú. Jósẹ́fù Mímọ́ gbé Ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lóru, ó di Íjíbítì. Ẹ ti ilẹ̀kùn yín, ẹ má rin òru láìnídìí, ẹ sọ fún àwọn aláṣẹ bí ẹ bá rí ohun tí ó fura. Ẹ má sì fi ìròyìn tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù; ó rọrùn láti tẹ̀ ẹ́, kò rọrùn láti kó o padà. Bákan náà, ẹ má wo aládùúgbò yín tí ó jẹ́ Mùsùlùmí bí ọ̀tá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, nítòsí Mandera ní Kẹ́ńyà, àwọn Mùsùlùmí inú bọ́ọ̀sì kan kọ̀ láti jẹ́ kí àwọn apànìyàn ya àwọn Kristẹni sọ́tọ̀ láàárín wọn.

Ìbéèrè tí ó wúwo jù ni èyí: bí ikú bá dé kí Àìsùn Àjíǹde tó dé ńkọ́? Katikísìmù Ìjọ, nọ́ńbà 1259, dáhùn. Katikúménì tí ó kú kí ó tó gba ìrìbọmi, tí ó ń fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, tí ó ronú pìwà dà, tí ó sì ní ìfẹ́, ní ìgbàlà tí kò ráyè gbà nípasẹ̀ sákráméǹtì náà. Ọwọ́ Ọlọ́run kò kúrú nítorí pé omi kò sí nítòsí.

Bí omi bá sì wà, ẹnikẹ́ni lè ṣe ìrìbọmi fún ẹni tí ó wà lẹ́nu ikú, bí ó bá ti ní in lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe. Ẹ rántí Kizito Mímọ́, ọmọdé inú ààfin Buganda. Karoli Lwanga, tí kì í ṣe àlùfáà, ni ó ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1886, ní ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáná sun àwọn méjèèjì ní Namugongo.

Ìjọba Nàìjíríà kéde pé àwọn ọmọ Papiri tí ó kù gba òmìnira kí ọdún Nọ́ẹ́lì 2025 tó dé. Ní ẹ̀kọ́ wa tí ó ń bọ̀, a ó kọ́ bí a ti ń da omi náà sí orí, àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ pẹ̀lú rẹ̀. Kí olúkúlùkù mú ìwé àti kálámù wá.