Kí A Kí Onílé Kí A Tó Gun Òkè



Lúùkù Mímọ́ sọ fún wa ní orí kìíní Ìhìnrere rẹ̀ pé, lẹ́yìn tí áńgẹ́lì Gábríẹ́lì ti kúrò lọ́dọ̀ Màríà Wúńdíá, ìyá Olúwa wa dìde, ó sì yára lọ sí ilẹ̀ olókè ní Júdéà, sí ilé Sakaráyà. Ẹ kíyè sí ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe nígbà tí ó dé ibẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun ńlá tí Ọlọ́run ṣe fún un. Kò dúró kí a wá kí òun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọmọ Ọlọ́run ni ó wà nínú rẹ̀. Ó wọ ilé, ó sì kí Èlísábẹ́tì. Ìkíni yẹn ni ọmọ inú Èlísábẹ́tì gbọ́ tí ó fi sọ fún ayọ̀. Ìkíni yẹn ni ó ṣáájú orin ìyìn Màríà, tí Ìjọ Mímọ́ ń kọ nínú àdúrà ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ títí di òní.

Mo rán yín létí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa tún ń múra láti lọ gun òkè Adó-Àwáyè. A kò mọ Ìwàrè wa sí ìlú olókè. Ọmọ wa tí ó bá fẹ́ rí òkè gíga nítòsí yóò gba Ọ̀yọ́ kọjá lọ sí ìhà Ìsẹ́yìn. Ní Adó-Àwáyè, yóò gun àtẹ̀gùn tí ó ju 300 lọ. Yóò rí adágún omi Ìyakẹ́ lórí àpáta, yóò sì rí Ìṣàgé, òkúta ńlá tí ó jókòó lórí òkúta mìíràn bí ẹni pé yóò já bọ́, tí kò sì já. Ẹni tí ó bá rí i tí kò yin Ẹlẹ́dàá, ọkàn rẹ̀ ti le jù.

Ṣùgbọ́n orí òkè yẹn kan náà ni àwọn baba ńlá ìlú náà gbé rí kí ọmọ wọn tó sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ìdànrè pẹ̀lú, níbi tí ààfin àtijọ́ ṣì wà lórí òkè. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ẹ̀gbá, nígbà tí ogun lé wọn dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1830, ṣe sá sí abẹ́ Olúmọ. Nítorí náà, òkè ilẹ̀ wa kì í ṣe pápá tí kò ní olúwa. Ilé ẹlòmíràn ni, odi rẹ̀ ni, ibojì àwọn bàbá rẹ̀ sì ni pẹ̀lú.

Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, èmi ni mo ṣáájú àwọn ọ̀dọ́, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Oòrùn ti ń mú, a sì fẹ́ tètè dé orí òkè. A sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, a kọjá láàrin àwọn àgbà tí ó jókòó lábẹ́ igi, a kò kí ẹnikẹ́ni, a sì mú ọ̀nà pọ̀n. Lórí òkè a kọrin, a jẹun, ọ̀rá omi mímu wa sì fọ́n káàkiri lórí àpáta. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, bàbá arúgbó kan wò wá, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti rí òkè wa. Ṣé ẹ kò rí àwa ni?” Kò bínú, kò sì gbé ohùn sókè. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ tí a sọ nínú ọkọ̀ bí a ti ń padà bọ̀. Ọ̀dọ́ kan ní, “Bàbá, ó dára bí a kò ṣe kí wọn. Àwọn kan ṣì ń bọ òkè yẹn. Bí a bá tẹríba fún wọn, a ti bá wọn bọ ọ́.” Òmíràn ní inú òun ì bá dùn láti fọ́ ìkòkò kan tí òun rí lẹ́bàá àpáta. Ìtara ni àwọn ọmọ yìí ní, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìtara wọn. Ṣùgbọ́n ìtara tí kò ní ìmọ̀ a máa ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀. Ìkíni kì í ṣe ìbọ. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ dé Áténì, ó rìn káàkiri, ó wo àwọn pẹpẹ wọn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Síbẹ̀ kò wó ọ̀kankan lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ó bá wọn sọ. Ní Éfésù, akọ̀wé ìlú tí kì í ṣe Kristiẹni ni ó jẹ́rìí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ Pọ́ọ̀lù kò ja tẹ́ńpìlì lólè. Ìjọ Mímọ́ pàápàá rò ó pẹ́. Lẹ́yìn àríyànjiyàn tí ó ju 200 ọdún lọ, Róòmù sọ ní ọjọ́ 8 oṣù December, ọdún 1939, pé àwọn Kátólíìkì ilẹ̀ Ṣáínà lè tẹríba níwájú àwòrán àwọn òkú wọn, nítorí pé ọlá ìlú ni, kì í ṣe ìsìn. Ní ọjọ́ 28 oṣù October, ọdún 1965, Àpérò Vatican Kejì kọ́ wa pé Ìjọ kò kọ ohun òtítọ́ àti ohun mímọ́ tí ó bá wà nínú ẹ̀sìn àwọn ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ààlà wà. Nínú ìwé àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹwàá, Pọ́ọ̀lù ní bí aláìgbàgbọ́ bá pè wá jẹun, kí a jẹ ohun tí a bá gbé síwájú wa láìbéèrè. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé a ti fi rúbọ sí òrìṣà, kí a má jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí àwa náà ṣe. Bí onílé bá pa obì láti fi kí wa káàbọ̀, kí a gbà á, kí a sì dúpẹ́. Bí ó bá ní ti òrìṣà ni, tàbí tí ó ní kí a dá owó ẹbọ, kí a fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ pé, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìgbàgbọ́ wa kò gbà á, ṣùgbọ́n a bọ̀wọ̀ fún yín.” Ẹni tí a ti kí tẹ̀rín-tọ̀yàyà yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kò kí rárá yóò pè é ní ìgbéraga.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí ẹ bá dé, ẹ ké àgò kí ẹ tó wọlé. Kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀nà, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ìlú ṣáájú yín. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má dé, ẹ má dé ibẹ̀. Ẹ má ya àwòrán ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ. Ẹ má kọ orúkọ yín sára àpáta, ẹ má sì da ohunkóhun sínú omi. Ọ̀rá tí ẹ bá gbé gòkè, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ẹ bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, ẹ kí i pé ó kú ìrìn. Nígbà tí ẹ bá sì ń lọ, ẹ padà wá dágbére fún àwọn àgbà abẹ́ igi. Èmi ni n ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, nítorí gbèsè mi wà níbẹ̀.

Mósè bọ́ bàtà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè Hórébù kí ó tó gbọ́ iṣẹ́ tí a fẹ́ rán an. Bí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ó ni ilẹ̀, a kò ní gbọ́ nǹkankan níbẹ̀.

Kí Màríà Wúńdíá, àlejò ilẹ̀ olókè, gbàdúrà fún wa, kí ìkíni ẹnu wa lè gbé Kristi wọ ilé gbogbo tí a bá dé. Àmín.