Omi Láti Ilé-Ìwé: Ta Ni Yóò Dáhùn?

Ní agbègbè wa yìí, láti Ìkìrun dé Ìnísà títí dé Òkukù, kò sí ẹni tí kò mọ bí òjò oṣù Kẹsàn-án ṣe máa ń rọ̀. Àwọn òkè àpáta yí Ìkìrun ká, omi tí ó bá sì bọ́ sórí àpáta kì í dúró níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ó ń wá. Ó ń gba inú àdúgbò kọjá, ó ń wá ọ̀nà dé odò. Láàárín òkè àti odò ni a kọ́ ilé wa sí, ibẹ̀ náà ni a sì kọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sí. Nítorí náà kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí aáwọ̀ bá ń dìde láàárín ilé-ìwé àti àwọn onílé tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe sábà máa ń rí nìyí. Ilé-ìwé kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Wọ́n gé igi, wọ́n tẹ́ pápá, wọ́n sì fi ògiri yí gbogbo rẹ̀ ká. Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, omi wọ yàrá ìyá kan tí ó ń ta gàrí, ó sì ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Ìyá náà tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ. Ó ní, “Tíṣà, ẹ wá wo ohun tí ilé yín fi ojú mi rí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ibí, n kò rí irú èyí rí.” Ọ̀gá dá a lóhùn pé, “Ìyá, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo rọ òjò.” Bóyá ó tilẹ̀ pa òwe mọ́ ọn pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí ni eji ń pa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ yẹ ìdáhùn yìí wò. Bí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà kan, lítà omi kan ni ó bọ́ sórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó. Bí òrùlé ilé-ìwé bá gùn ní mítà 40, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, tí òjò mìlímítà 50 sì rọ̀ lé e, omi tí yóò tú sílẹ̀ láti orí òrùlé kan ṣoṣo jẹ́ lítà 20,000. Àgbá ńlá tí ó ń gba lítà 200, ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ ni yóò kún. Nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, ilẹ̀ máa ń mu nínú rẹ̀, ewé àti gbòǹgbò a sì máa dá a dúró. Páànù kì í mu omi. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ ilé-ìwé ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kò sì sàn ju ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lọ. Lẹ́yìn èyí ni ògiri wá, tí ó kó omi tí ó ti ń tàn káàkiri tẹ́lẹ̀ jọ, tí ó sì ń tú u jáde ní ojú ihò kan. Ẹnu ọ̀nà ìyá onígàrí sì ni ihò náà kọjú sí!

Òótọ́ ni pé ọ̀gá kò rọ òjò. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò bi í léèrè ẹni tí ó rọ òjò. Ọ̀nà tí òjò gbà wọlé ni ó béèrè, ọ̀nà yẹn sì ti yí padà láti ọwọ́ ènìyàn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a bá bá ìyá náà padà lọ sí àdúgbò, kí ni a ó rí? Onílé kan ti da kọnkéré bo gọ́tà kí mọ́tò rẹ̀ lè wọlé. Òmíràn ń da pàǹtí sínú rẹ̀ ní òru, pàápàá ní ọjọ́ tí òjò bá ṣú, kí omi lè bá a gbé e lọ. Ẹlòmíràn sì ti gba ojú ọ̀nà omi kọ́ ilé ìtajà. Gbogbo wọn ni wọ́n tẹ̀ lé ìyá náà lọ sí ilé-ìwé lọ bínú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí olúkúlùkù ń sọ òtítọ́ nípa ẹnìkejì rẹ̀.

Ǹjẹ́ ènìyàn lè jẹ gbèsè ibi tí kò pète? Òfin Mósè mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ojú ilẹ̀ nínú Ẹ́kísódù 21:28-36, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ màlúù tí ó ń kàn. Bí màlúù bá kan ènìyàn pa lójijì, ọrùn olówó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń kàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti sọ fún olówó rẹ̀, tí kò sì so ó mọ́lẹ̀, ọ̀ràn di ti olówó. Màlúù kan náà ni, ìwo kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé wọ́n ti sọ fún un. Lójú tèmi, ibí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́ omi ilé-ìwé. Òjò àkọ́kọ́ lè jẹ́ èèṣì. Láti ọjọ́ tí ìyá náà ti wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, òjò kejì kì í ṣe èèṣì mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún onílé tí wọ́n ti kìlọ̀ fún nípa pàǹtí.

Ẹ rántí Odò Ògùnpa ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí àwa ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú wọn, odò náà kún, ó ya wọ ìgboro, ó sì pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Ìjàǹbá ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun àjèjì. Odò kan náà ti kún bò wọ́n ní ọdún 1960, ní 1963 àti ní 1978. Màlúù náà ti ń kàn! Síbẹ̀ ilé ń pọ̀ sí i ní etí odò, pàǹtí sì ń kún inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún gba Ìbàdàn, ó tún pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, ó sì wó afárá. Bí a bá béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi, ta ni a ó mú? Ẹni tí ó da agbọ̀n pàǹtí kan kò pa ẹnikẹ́ni. Agbọ̀n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó di odò.

Àwáwí kan tún wà tí mo máa ń gbọ́, pé agbaṣẹ́ṣe ni ó ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe ilé-ìwé. Wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ ní kóòtù rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Rylands gba àwọn òṣìṣẹ́ láti ṣe adágún omi fún un. Wọ́n bá ihò àtijọ́ nínú ilẹ̀, wọn kò dí i dáadáa, omi sì gba ibẹ̀ ya wọ ibi tí aládùúgbò rẹ̀, Fletcher, ti ń wa èédú. Ní ọdún 1868 àwọn adájọ́ àgbà dá a pé Rylands ni yóò san án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ nípa ihò náà. Mo gbà pé omi òjò kì í ṣe adágún. Síbẹ̀, ẹni tí ó kó omi jọ sí ojú kan kò lè fi orúkọ bíríkìlà bo ara rẹ̀.

Olùkọ́ ni èmi náà, mo sì mọ èyí tí a fẹ́ràn jù nínú àwáwí wa: ọmọ gbogbo ìlú ni a ń kọ́. Ó dára. Ọmọ-ọmọ ìyá onígàrí pàápàá lè wà ní kíláàsì kẹta. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí a kọ́ láìní gọ́tà kò tíì parí. Owó gọ́tà tí a yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà kò sì parẹ́. Ìyá náà ni ó ń san án, pẹ̀lú gàrí, ní ọdọọdún, òun nìkan. Bí ilé-ìwé bá jẹ́ ti gbogbo wa, èéṣe tí gbèsè rẹ̀ fi jẹ́ ti ẹnìkan? Àwọn tí ó la ojú irin gba Ìkìrun àti Òkukù ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní kò bá wa tan, síbẹ̀ bí wọ́n ti ń kó ilẹ̀ jọ láti gbé irin lé, wọ́n ń fi ọ̀nà sílẹ̀ fún omi lábẹ́ rẹ̀.

Kí ni ọ̀gá lè ṣe, ẹni tí kò ní àṣẹ lórí owó ìjọba? Ó lè jáde lọ wo yàrá ìyá náà. Ó lè lu ihò púpọ̀ sí ara ògiri dípò ẹyọ kan, kí omi lè tàn. Ó lè gbin koríko, kí ó gbé àgbá sí abẹ́ òrùlé, kí ó sì pe ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ láti gbẹ́ gọ́tà. Àwọn onílé náà yóò wó kọnkéré wọn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n jọ kọ ìwé kan ṣoṣo sí ìjọba ìbílẹ̀, Ìfẹ́lódùn ní Ìkìrun tàbí Odò-Ọ̀tìn ní Òkukù. Ìwé méjì tí ó ń ta ko ara wọn kì í kúrò nínú fáìlì.

Ibi kan wà tí èmi kò tíì rí ìdájọ́ rẹ̀ pátápátá. Nígbà mìíràn ilé-ìwé ti wà níbẹ̀ ní ogún ọdún kí onílé tó dé. Ó ra ilẹ̀ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ó rí i pé ó tẹ́jú, ó sì rí i pé owó rẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọ̀nà omi ni. Ìkìlọ̀ tí ó sọ olówó màlúù di ẹlẹ́bi, kò dé etí rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé mọ̀, àwọn aládùúgbò mọ̀, ẹni tí ó ta ilẹ̀ náà fún un sì mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ní ọjọ́ tí omi bá wọlé, tí gbogbo wọn péjọ sí iwájú ilé-ìwé, ẹni tí ó ta ilẹ̀ kì í sí níbẹ̀.