Irin, Òṣùwọ̀n àti Katakata Tí Kò Rú Èéfín

Nígbà tí mo yọ ẹ́ńjìnì dísù kúrò lára katakata kékeré tí a fi ń ro oko wa ní Ìsẹ́yìn, tí mo fẹ́ fi mọ́tò oníná rọ́pò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá wo ibi tí ẹ́ńjìnì ti kúrò. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ti Ògún ṣì ni nǹkan yìí?"

Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, ọmọ alágbẹ̀dẹ sì ni wọ́n. Ọdọọdún ni wọ́n ń bọ irin. Mùsùlùmí ni èmi, iṣẹ́ rewáyà ni mo ń ṣe, mi ò sì bá wọn bọ ohunkóhun rí. Síbẹ̀, ìbéèrè wọn kì í ṣe èyí tí èèyàn lè gbọ́ kó mójú kúrò. Bí a bá yọ ohun tó ń mú nǹkan ṣiṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, tí a sì fi òmíràn sí i, ta ló ni ín? Kí ló sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó?

Nínú ọ̀pọ̀ katakata kékeré, ẹ́ńjìnì gan-an wà lára egungun rẹ̀. Bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ilé gíá, iwájú rẹ̀ sì ni irin tó gbé táyà iwájú rọ̀ mọ́. Yọ ẹ́ńjìnì, katakata á pín sí méjì. Wẹ́dà ní láti fi irin tó nípọn ṣe egungun tuntun fún tiwa kí n tó gbé mọ́tò sí i. Mọ́tò ọ̀hún, ara fọkílíìfù àlòkù ni mo ti rí i, ní Ọwọ́dé Onírin l'Ékòó.

Ibi tó gba sùúrù jù ni ibi tí mọ́tò àti gíá ti pàdé. A gé irin pẹlẹbẹ, a lu ihò sí i kó lè bá ojú bọ́ọ̀tì méjèèjì mu. Ṣùgbọ́n ọ̀pá mọ́tò àti ọ̀pá gíá gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá yẹ̀ síra bí ìbú fọ́nrán irun mélòó kan, gbogbo ara katakata á máa gbọ̀n, bíárìn á jẹ, ọ̀pá á sì kán níjọ́ kan. Bàbá alágbẹ̀dẹ yìí ló fi ọgbọ́n tí a lò hàn mí. Wọ́n ní kí n so wáyà líle kan mọ́ ọ̀pá mọ́tò, kí n tẹ̀ ẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ihò tó wà láàárín irin pẹlẹbẹ, kí n wá máa fi ọwọ́ yí ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀. Èmi ń yí i, àwọn ń wo àlàfo. Níbi tó bá ti há, wọ́n á ní, "Dúró." A ó dẹ bọ́ọ̀tì, a ó fi òòlù kékeré gbá a wẹ́rẹ́, a ó tún yí i. Nígbà tí mo ní ó ti tó, wọ́n ní irin kì í gba "ó ti tó". Bí kò bá dọ́gba yíká, kò dọ́gba náà ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí ìdáhùn fún mi. Ní kọ́ọ̀tù wa títí dòní, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra, bí Mùsùlùmí ṣe ń fi Kùránì búra, tí Kìrìsìtẹ́nì sì ń fi Bíbélì búra. Òtítọ́ ni àwọn bàbá ńlá wa fi sí ìkáwọ́ Ògún. Kì í ṣe ariwo, kì í sì í ṣe èéfín. A ti ń fi irin búra tipẹ́tipẹ́ kí ẹ́ńjìnì Rudolf Diesel tó ṣiṣẹ́ ní Jámánì lọ́dún 1897. Nínú Kùránì, Irin ni orúkọ súrà 57. Ní áyà 25 rẹ̀, níbi tí Ọlọ́run ti mẹ́nu ba irin, agbára rẹ̀ àti àǹfààní rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti mẹ́nu ba òṣùwọ̀n. Mo ti gbọ́ áyà yìí lẹ́nu àfáà láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ìdí ẹ́ńjìnì tí a tú yìí ni ó ti wá yé mi ìdí tí méjèèjì fi jọ wà. Ẹni tí irin bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lágbára ju ẹni tí kò ní in lọ. Òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á rẹ́ni jẹ.

Nítorí náà, mo dá Bàbá lóhùn pé ti Ògún ṣì ni, nítorí ohun tí irin ń béèrè lọ́wọ́ wa kò yí padà: ká wò ó bóyá ó dọ́gba yíká, títí dé ẹ̀gbẹ́ tí kò sí lójú wa.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n yìí wo ti dísù. Bí a bá pín agbára tó wà nínú epo tí irú ẹ́ńjìnì yìí ń jó sí ọ̀nà mẹ́ta, bí ìdá kan péré ló ń di iṣẹ́. Ooru lásán ni ìyókù. Èéfín rẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2012, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ọmọ tó ń tẹ̀ lé katakata lẹ́yìn láti ṣa òkúta ló ń fà á símú, kì í ṣe ẹni tó ni oko. Àti kí epo tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá, ó ti kọjá lórí ilẹ̀ àwọn kan. Láti 1956 tí wọ́n ti rí epo ní Oloibiri ni ilẹ̀ Niger Delta ti ń san gbèsè tí kò jẹ. Ìwádìí tí ẹ̀ka àyíká Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2011 fi hàn pé omi kànga kan ní Ogale, nílẹ̀ Ogoni, ní májèlé benzene nínú ju ìlọ́po 900 ìwọ̀n tó yẹ lọ. Epo tí à ń jó ní Ìsẹ́yìn lè má ti ibẹ̀ wá, ṣùgbọ́n òwò kan náà ni.

Iná ńkọ́? Mọ́tò mi ń sọ bí 90 nínú 100 agbára tó ń gbà di iṣẹ́. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 16 tí a so pọ̀, ó ń gba bíi yúnìtì iná 14. Bí ilẹ̀ bá le, wákàtí kan àtààbọ̀ ni, ó ti fẹ́ sinmi nìyẹn, nígbà tí kẹ́ẹ̀gì dísù kan á ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà já. Pánẹ́ẹ̀lì sólà 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 400 wáàtì, ló ń kún un bí oòrùn bá mú dáadáa. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń chájì rẹ̀, èéfín kàn kúrò lójúde ó bọ́ sẹ́yìnkùlé ni. Iná ìjọba pàápàá, gáàsì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde. Èyí tí omi ń gbé jáde náà ní tirẹ̀: ìsédò Kainji tí wọ́n parí lọ́dún 1968, omi rẹ̀ ló bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ fi ṣí lọ sí New Bussa. Kò sí agbára tí kò kan ilé ẹnì kan.

Irú bátìrì tí mo yàn kò ní cobalt, ohun àlùmọ́ọ́nì tí àwọn ọmọdé wà lára àwọn tó ń wà á ní Kóńgò. Lithium àti irin àti phosphate ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé irin wà nínú bátìrì náà, inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló wa lithium ọ̀hún. Ní Nasarawa níbí, àwọn èèyàn ń fi ṣọ́bìrì àti díígà wà á. Bátìrì olójé tó rọrùn jù lówó ńkọ́? Ohun tí òjé ń ṣe kò ṣàjèjì sí wa: lọ́dún 2010 ní Zamfara, ó pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọdé níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti pinnu pé bátìrì mi tó bá kú kò ní kúrò lọ́wọ́ mi sọ́dọ̀ ẹni tó máa fọ́ ọ lójúde, iye yòówù kó fẹ́ san.

Lórí ẹ́ńjìnì tí a yọ ni òṣùwọ̀n ọ̀hún ti le jù. Ọkùnrin kan tó ń lọ ẹ̀gẹ́ wá fi owó gidi lọ̀ mí. Bí mo bá tà á, èéfín tí mo sá fún á máa fẹ́ sí àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ lójú. Bí mi ò bá tà á, èyí tó ti gbó, tó sì ń rú èéfín ju bẹ́ẹ̀ lọ ló máa máa lò. Mo tà á fún un, lórí àdéhùn pé á gbé e síta, kó sì fa páìpù èéfín rẹ̀ ga kọjá òrùlé. Mo lọ wò ó, ó ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò wá lè fẹnu mi sọ pé èéfín náà ti tán. Ó ṣì ń jáde, mo sì mọ ibi tó ń fẹ́ lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní tí kò bá sí agbára tó mọ́ pátá, kí wá ni àǹfààní ìyọnu? Àǹfààní wà. Òṣùwọ̀n kì í sọ pé kí nǹkan má wúwo; ohun tó ń sọ ni bó ṣe wúwo tó. Èéfín tó kúrò lára ọmọ tó ń ṣa òkúta kúrò lóòótọ́. Ohun tó kù tí a jẹ, a mọ̀ ọ́n, a sì lè máa san án.

Gbogbo wa la ń ra sólà àti bátìrì báyìí, sílé, sí ṣọ́ọ̀bù, sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Kí a tó sanwó, ká bi ẹni tó ń tà á pé níbo ló ti wá, kí ló wà nínú rẹ̀, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ wa bó bá kú. Kí àwọn àfáà àti pásítọ̀ tó ń gbàdúrà sí ọkọ̀ tuntun fi ìbéèrè náà kún àdúrà wọn. Ìjọsìn ni mo ka irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sí, nítorí ẹni tó gba irin lọ́wọ́ Ọlọ́run ti gba òṣùwọ̀n mọ́ ọn.