Owó Iṣẹ́: Ẹ̀bùn Ni Tàbí Gbèsè?

Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ní Àbújá pé owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ kò gbọdọ̀ dín ní ₦70,000. Ní ìlú tí a ti ṣe òfin náà gan-an ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lé e lórí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba níbẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ kò tí ì san owó tuntun yìí fún wọn. Oṣù Keje ni wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn kan a máa sọ pé èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run, nítorí náà kí ó ní sùúrù. Ó dára, ṣùgbọ́n onílé tí ń gba owó ilé ní Gwagwalada kò gbé ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwọ̀fà láyé àtijọ́. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé orí owó tí a yá. Ìnira ni, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí ó padà wá. Síbẹ̀, owó ti tẹ ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó tó gbé ọkọ́ lọ sí oko olówó. Òṣìṣẹ́ olóṣù kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ ń fi agbára rẹ̀ sílẹ̀ fún odidi oṣù kan kí ó tó gba kọ́bọ̀. Bí a bá rò ó dáadáa, òun gan-an ni olówó. Ọ̀gá ni ajigbèsè. Kí ló wá dé tí ajigbèsè fi ń bá olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ṣe é lóore?

Àwọn ọmọ ilé-ìwé kò sí nínú gbèsè yìí. Olùkọ́ tí ó bá ní ìyẹn kò kan òun kò sọ òtítọ́, nítorí ọmọ tálákà ni ó jókòó sílé. Ọmọ ẹni tí ó rí jájẹ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí òfin ní kí ó sanwó ni ẹ̀bi náà ti bẹ̀rẹ̀. A lè ṣírò owó tí ó ṣẹ́kù kí a sì san án. Ta ni yóò san oṣù mẹ́ta padà fún ọmọ Kuje tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a, b, d?