Ọ̀ṣẹ́túrá àti Ẹni Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Ìlera Ìlú

Ìtàn inú Ọ̀ṣẹ́túrá, ọ̀kan nínú odù Ifá, kò ṣàjèjì sí ọmọ awo. Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló rọ̀ wá sáyé, Ọ̀ṣun nìkan sì ni obìnrin inú wọn. Àwọn ọkùnrin gbìmọ̀, wọ́n ṣètùtù, wọn ò fi ti Ọ̀ṣun ṣe. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì ń bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ẹni kẹtàdínlógún ni Olódùmarè béèrè, ó sì ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ fún ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìlera ìlú ní Yunifásítì Ìbàdàn ni pé, kíka ẹni tí a fojú fò mọ́ra kì í ṣe àánú tí a ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Òun ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ bàjẹ́.

Sòbìà ni ẹ̀rí mi. Aràn yìí ń gbé bí ọdún kan lára kó tó yọ lẹ́sẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣe bá ki ẹsẹ̀ bọ omi kó lè tù ú, aràn á da ọmọ sódò, kòkòrò wẹ́wẹ́ inú omi á gbé e mì, ẹni tó bá sì mu omi náà láìsẹ́ ẹ ti kó o nìyẹn. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Ẹnì kan ṣoṣo tí ètò gbàgbé lè dá gbogbo abúlé padà sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ètò ìlera sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà lọ́dún 1963, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ bá àwọn ará Ìdèrè fúnra wọn ṣiṣẹ́ lórí àrùn yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tó ní sòbìà ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi àti àwọn ará abúlé tó ń ṣọ́ ara wọn ló ṣẹ́gun rẹ̀: ọdún 2008 la rí ẹni ìkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ẹnìkan lè sọ pé Ọ̀ṣun lágbára, ṣùgbọ́n kí ni agbára tálákà àdúgbò Agbowó n'Íbàdàn? Àwọn Irúnmọlẹ̀ náà kò ka agbára kankan sí Ọ̀ṣun lára. Iṣẹ́ tó bàjẹ́ ló là wọ́n lójú. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ àdúgbò kì í gbéni ga. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas, tó kọ́ni ní ìmọ̀ ìdènà àrùn n'Íbàdàn, ni WHO gbà sí Geneva lọ́dún 1976 láti darí ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru. Ti owó oṣù tí kò tó nǹkan, òótọ́ ni, ìjọba ló sì yẹ kó tún un ṣe. Ebi kì í ṣe ẹ̀rí ìfẹ́ ìlú.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ náà wo bí wọ́n ṣe ń pe ìpàdé. Ìpàdé aago mẹ́wàá àárọ̀ ní ọ́fíìsì Ring Road ti yọ aláta ọjà Bódìjà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Kó gbé ìpàdé lọ sọ́jà ní ìrọ̀lẹ́, kó sì jẹ́ kí aláta ní ohùn nínú bí wọn yóò ṣe ná owó omi àti ti ilé ìyàgbẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.