Kí Ló Ń Sọ Wáìnì Di Mímọ́? Ìbéèrè Kan Lójú Ọ̀nà Kakheti

Òfin ìjọ Kátólíìkì, ní ẹsẹ̀ 924, là á mọ́lẹ̀ pé wáìnì tí àlùfáà yóò gbé sórí pẹpẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó, kí ó ti inú èso àjàrà wá, kí ó má sì tíì bàjẹ́. Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí. Kò sọ irú àjàrà tó gbọ́dọ̀ jẹ́, kò béèrè bóyá funfun ni tàbí pupa, bó ṣe dùn tó kò sì kàn án. Wáìnì olówó gọbọi láti Bordeaux àti èyí tí àgbẹ̀ kan pọn lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ọgbọọgba ni wọ́n níwájú òfin yìí.

Ibòmíràn ni àwọn ẹlẹ́sìn yòókù fàlà sí. Lójú Júù tó ń pa òfin mọ́, ọwọ́ tó kan wáìnì lọ̀rọ̀ wà: láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń fún èso, Júù tó ń pa ọjọ́ Sábáàtì mọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, àyàfi tí wọ́n bá ti gbé e kaná. Ìsìláàmù ka ọtí léèwọ̀ láyé, síbẹ̀ Àlùkùránì, nínú Súúrà 47, ṣèlérí odò ọtí fún àwọn ará àlùjánnà. Ní 1869, Thomas Welch, oníṣègùn eyín tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Vineland, New Jersey, se omi èso àjàrà kí ó má baà di ọtí, kí wọ́n lè máa lò ó níbi Oúnjẹ Olúwa. Ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá lónìí ń tọ ipasẹ̀ Welch láìmọ orúkọ rẹ̀. Ohun pupa tí wọ́n ń pín nínú ife kéékèèké kò lè pa ọmọ ọwọ́.

Èso ni, ọwọ́ ni, àbí ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó gbé e kalẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í sábà sí nínú ẹrù ẹni tó ń rìnrìn-àjò láti lọ tọ́ wáìnì wò. Ahọ́n rẹ̀ ló gbé lọ, ahọ́n náà ló sì ń bi léèrè. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan wà tí ìbéèrè náà yóò ti pàdé rẹ̀ lọ́nà, bó fẹ́ bó kọ̀: Jọ́jíà, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Caucasus, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní nǹkan bí 50 kìlómítà sí gúúsù Tbilisi, olú-ìlú ibẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn hú àfọ́kù ìkòkò jáde ní Gadachrili Gora àti Shulaveri Gora. Ìwádìí tó jáde ní 2017 fi hàn pé wáìnì ti wà nínú àwọn ìkòkò náà ní nǹkan bí ọdún 6000 ṣáájú ìbí Jésù. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ṣì ń lò. Qvevri ni wọ́n ń pè é: amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó rí bí ẹyin, wọ́n fi ìda oyin kun inú rẹ̀, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn. Ní agbègbè Kakheti, lápá ìlà-oòrùn, omi èso, èèpo, kóró, àní ọ̀pá tó so èso pọ̀ pàápàá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà sínú ìkòkò. Ó á hó fúnra rẹ̀, wọ́n á dé e pa, ó á wà bẹ́ẹ̀ di oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà. Wáìnì tó ti inú àjàrà funfun jáde lọ́nà yìí kì í funfun mọ́; ó pọ́n bí oyin, ó sì ń fún ẹnu pọ̀ bí ewé tíì tí a rẹ pẹ́ jù. Àjọ UNESCO kọ ọgbọ́n yìí mọ́ àjogúnbá àṣà ọmọ aráyé ní 2013.

Ìtàn ìjọ ibẹ̀ sọ pé ní ọ̀rúndún kẹrin, Nino Mímọ́ tó mú ìyìn rere wá fi ẹ̀ka àjàrà ṣe àgbélébùú, ó sì fi irun orí ara rẹ̀ dì í. Ìdí nìyí tí kò fi ya ará Jọ́jíà lẹ́nu pé mọ́ǹkì ń pọntí.

Àṣà tí wọ́n ń pè ní zedashe ló yẹ kí arìnrìn-àjò fara balẹ̀ gbọ́. Ìdílé á ya qvevri kan sọ́tọ̀ fún ìjọ tàbí fún ẹni mímọ́ kan. Wọn kì í tà á, wọn kì í sì ṣí i lọ́jọ́ tí òùngbẹ kàn ń gbẹ wọ́n. Ẹni tó bá ti rí i tí wọ́n ta ọtí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án nílé wa náà kò ní ṣe hàáà. Kókó ibẹ̀ ni pé wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò dùn. Bí ìkòkò náà bá kan, ti Ọlọ́run ló kan. Òótọ́ ni pé ọtí tó ti kan kò lè dé orí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ìdílé kò lè torí ìyẹn lọ gba ohun tí wọ́n ti fi sílẹ̀ padà.

Títọ́ wáìnì wò kò bá èyí rìn. Atọ́wò kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ títí ahọ́n rẹ̀ yóò fi dájọ́. Bó bá dùn ó gbé e mì, bí kò bá dùn ó tu ú sínú garawa. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí ó mọ̀ pé adájọ́ lòun wá ṣe nínú ilé tí ohun àkọ́kọ́ ti jẹ́ ẹbọ.

Alaverdi, ilé àwọn mọ́ǹkì ní Kakheti, ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. Ọ̀rúndún kọkànlá ni wọ́n kọ́ kàtídírà náà, ó ga ju 50 mítà lọ, àwọn mọ́ǹkì ibẹ̀ sì ń fi qvevri ṣe wáìnì Rkatsiteli, Saperavi, Khikhvi àti Kisi. Kisi ni kí àlejò wá. Àjàrà funfun Kakheti ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nígbà ìjọba Sófíẹ̀tì, nítorí iléeṣẹ́ ìjọba ń fẹ́ èyí tó ń so rẹpẹtẹ: Rkatsiteli fún funfun, Saperavi fún pupa. Nígbà tó di 1985 tí Gorbachev, olórí Sófíẹ̀tì, gbógun ti ọtí mímu, wọ́n hú ọ̀pọ̀ ọgbà àjàrà dànù. Nínú irú àjàrà bíi 525 tó jẹ́ ti Jọ́jíà, ọ̀pọ̀ ló kù sí ẹ̀yìnkùlé àgbàlagbà àti ọgbà ìwádìí.

Àwọn mọ́ǹkì Alaverdi ń ta ìgò wọn fún ará òkèèrè, àwọn kan sì lè bínú sí i. Ìbínú náà kò tọ̀nà. Èyí tó wà fún pẹpẹ wà fún pẹpẹ. Owó tí àlejò san lórí ìyókù wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àgbẹ̀ rí ìdí tí yóò fi gbin Kisi dípò Rkatsiteli. Ìyàsọ́tọ̀ nìkan kò lè bọ́ igi àjàrà.

Yàtọ̀ sí Alaverdi, Sighnaghi ṣeé dé. Níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ wáìnì Pheasant's Tears wà, tí ayàwòrán ará Amẹ́ríkà John Wurdeman àti Gela Patalishvili dá sílẹ̀ ní 2007. Irú àjàrà tí wọ́n ń pọn níbẹ̀ pọ̀. Ní Chardakhi, nítòsí Mtskheta, Iago Bitarishvili ń ṣe Chinuri lọ́nà méjì, pẹ̀lú èèpo àti láìsí èèpo. Kí àlejò ní kí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lápá ìwọ̀-oòrùn, Ojaleshi wà ní Samegrelo, àjàrà tí wọ́n ti máa ń jẹ́ kí ó gun igi láyé àtijọ́. Usakhelouri ti Lechkhumi kò pọ̀ rárá, owó rẹ̀ sì ń dunni.

Ibikíbi tí wọ́n bá ti fi àlejò jókòó nídìí oúnjẹ, tamada ló ń darí mímu. A kì í dá gbé ife mu. Tamada á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà fún Ọlọ́run tàbí fún àlàáfíà, lẹ́yìn náà ló máa kan àwọn tó ti kú àti àwọn tó wà láàyè. Ẹni tó mú ìwé dání láti kọ àmì fún wáìnì kọ̀ọ̀kan yóò tètè rí i pé kò sáyè.

Gúúsù ló máa da gbogbo àlàyé yìí rú díẹ̀. Ní Vardzia, ìlú ihò àpáta tí àwọn mọ́ǹkì gbé láyé Ọbabìnrin Tamar ní ọ̀rúndún kejìlá, iyàrá ọtí 25 ló wà, ìkòkò 185 sì wà ní rírì sílẹ̀ inú wọn. Ìjọba Ọ́tómánì gba agbègbè Meskheti yìí lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ èèyàn di mùsùlùmí, wọ́n sì pa ọgbà àjàrà tì. Igi àjàrà kò kú ṣáá o. Ó wọ inú igbó, ó gun orí igi, ó ń so láìsí pẹpẹ, láìsí àlùfáà, láìsí ẹni tó ń mu ún. Giorgi Natenadze, ọmọ agbègbè náà, ló ń wá wọn kiri nínú igbó báyìí tó sì ń fi èso wọn ṣe wáìnì. Akhaltsikhe ni yàrá ọtí rẹ̀ wà, kò jìnnà sí Vardzia. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Tbilisi kí ó fi ọjọ́ kan kún ètò rẹ̀.